Ìmọ̀ràn lórí dídarí eré àròsọ onídáìsì nígbà tí a bá kó àwọn ọmọ wálé sí Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Àwọn ọmọ mi máa ń ṣe Dungeons & Dragons nílé ọ̀rẹ́ wọn níbí (eré tí ẹnì kan ń darí ìtàn, tí oníkálukú nínú àwọn yòókù ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé yóò yọrí), wọ́n sì ti bẹ̀ mí pé kí n darí rẹ̀ fún àwọn àti àwọn ìbátan wọn nígbà tí a bá wá ṣe Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti kọ ìtàn olójú-ewé 20 sílẹ̀, síbẹ̀ àyà mi ń já. Ta ló ti ṣe é rí?

Ọmọ Mọ́lípà, Toronto: Àǹtí mi, ẹ kú ìmúra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ìtàn yẹn tì. Irú rẹ̀ ni mo gbé wálé lọ́dún tí a lọ wo Ojúde Ọba, kò sì pẹ́ tó fi tú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ṣètò pé wọn yóò bá ẹ̀ṣọ́ ibodè jà kí wọ́n tó wọ ìlú, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò jà, òun fẹ́ san owó ibodè, kí òun sì bi ẹ̀ṣọ́ náà léèrè iye tí wọ́n ń ta obì nínú ọjà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mo ń ṣí ìwé kiri. (Ọmọ Ìjẹ̀bú ni lóòótọ́: àwọn baba wa ló ń ṣọ́ ọ̀nà òwò tó ti Èkó gba Ìjẹ̀bú kọjá kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fi ogun ṣí i ní 1892.)

Ibì kan tí ẹ mọ̀ dáadáa ni kí ẹ múra sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe níbẹ̀. Ẹrẹ̀dò Sùngbọ́ ni mo mú, yàrà àtijọ́ tó lé ní 160 kìlómítà yíká, tó sì tó mítà 20 níbòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ èèyàn mẹ́ta sílẹ̀, ohun tí oníkálukú ń wá, àti ohun tí yóò ṣe bí ẹnikẹ́ni kò bá dí i lọ́wọ́.

Ní ti dáìsì, olójú 20 ni, kì í ṣe ti lúdò. Ẹni tó jù ú yóò fi agbára ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ kún un. 10 tó fún ohun tó rọrùn, 15 fún èyí tó le díẹ̀, 20 fún èyí tó le gan-an. Mo fi ọ̀nà tó wọ inú yàrà náà pamọ́ sẹ́yìn dáìsì, pé ẹni tó bá jù ú tó iye kan ni yóò rí i; àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jù ú, kò sí ẹni tó rí i, a sì jókòó sójú kan títí gàrí fi wú nínú abọ́. Bí ìtàn kò bá lè lọ láìsí ohun kan, ẹ fún wọn, kí dáìsì wá sọ ohun tí yóò ná wọn.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Dublin: Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ. Kí àwọn ọmọ tí yóò ṣe é má ju márùn-ún lọ, kí ẹ sì tẹ ìwé ẹ̀dá-ìtàn wọn jáde kí ẹ tó wálé, torí iná. Ẹ má sì fi Agẹmọ, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ṣe abàmì ẹranko tí wọn yóò pa. Àwọn àgbà ilé kò ní í fi í ṣe eré.

Ìyá Ìbejì, Leeds: Ẹ ṣeun gan-an. Ojú ewé kan ló kù báyìí, iye tí wọ́n ń ta obì ló sì wà lókè rẹ̀.