Ètò ìdarí àti mọ́tò wo ló yẹ ẹ̀rọ CNC tí mo ń kàn fún òǹtẹ̀ kàmpálà?

Ọmọ Aláró, Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń fi ọwọ́ gbẹ́ òǹtẹ̀ igi fún àwọn ìyá tó ń ṣe kàmpálà ní Ìtòkú, èyí tí wọ́n ń tì bọ inú àbẹ́là yíyọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Fóòmù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ṣùgbọ́n fóòmù kì í lálòpẹ́ nínú ooru, òǹtẹ̀ igi kan sì lè gbà mí ní odidi ọjọ́ méjì bí ọnà ara rẹ̀ bá wẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kan ẹ̀rọ CNC kékeré kan tí kọ̀ǹpútà yóò máa darí, kí n lè gbẹ́ òǹtẹ̀ kan náà nígbà mẹ́wàá kí ọ̀kan má yàtọ̀ sí èkejì.

Irin onígun mẹ́rin ni mo ní kí wẹ́dà bá mi jó pọ̀ ṣe férémù rẹ̀. Ibi tí ọbẹ rẹ̀ lè rìn dé jẹ́ mìlímítà 600 ní X (ìbú) àti 900 ní Y (gígùn). Sikúrúù oníbọ́ọ̀lù 1605 ni mo rà, èyí tó nípọn ní mìlímítà 16, tí yíyí rẹ̀ kan sì ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ ní mìlímítà 5. Mọ́tò stepper (èyí tó ń yí ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀) mẹ́rin, ìwọ̀n NEMA 23, ni mo fẹ́ lò, nítorí pé Y yóò ní méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí mo dé yìí ni ọkàn mi ti pín. Ẹnìkan ní kí n fi Mach3, ètò ìdarí tó ń lo Windows, sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo ní nílé. Ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀dù kékeré Arduino Uno tí a fi ètò ìdarí Grbl sí ti tó. Ẹnìkẹta ní bí n kò bá lo LinuxCNC, ètò ìdarí tó ń lo Linux, eré ọmọdé ni mò ń ṣe. N kò tíì ra driver (ohun tó ń fún mọ́tò níná bí ètò ìdarí bá ṣe pàṣẹ), n kò sì mọ̀ bóyá TB6600 yóò tó mi tàbí kí n wá owó DM542. Owó ọwọ́ mi kò tó èyí tí n ó fi ra nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ yàn?

Ẹlẹ́rọ Ìbàrà

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Gbólóhùn tí o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ló yẹ kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ètò ìdarí kọ́ ni a ń kọ́kọ́ yàn. Ìdí sikúrúù àti mọ́tò ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó ṣírò iye ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò máa gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbà náà ni a ó tó mọ bọ́ọ̀dù tó lè gbà á.

Jẹ́ kí a jọ ṣírò tìrẹ. Mọ́tò stepper tó wọ́pọ̀ ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ní kí driver pín ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 8, yíyípo kan di 1,600. Bí o bá sì pín èyí sí mìlímítà 5 tí sikúrúù rẹ ń rìn, ìgbésẹ̀ 320 ló wà nínú mìlímítà kan. Ká ní o fẹ́ kó máa sáré 3,000 mìlímítà ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí kò bá gé nǹkan, mìlímítà 50 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì di ìgbésẹ̀ 16,000. Grbl lórí Arduino Uno lè fi nǹkan bí 30,000 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ó gbé e, àyè tún ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ pín ìgbésẹ̀ sí 16 nítorí pé o rò pé iṣẹ́ yóò dán sí i, o ti dé 32,000, o ti kọjá agbára rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, Arduino ló ń bú títí di òní.

Ohun kejì tí àwọn ènìyàn kì í wò ni pé 3,000 mìlímítà yẹn jẹ́ yíyípo 600 ní ìṣẹ́jú kan fún sikúrúù rẹ, agbára mọ́tò stepper a sì máa dínkù bó ṣe ń yára sí i, nítorí pé iná kò ráyè wọ inú wáyà rẹ̀ tán kí ìgbésẹ̀ mìíràn tó dé. Fóòtì tó ga ló ń ti iná wọlé kíákíá, nítorí náà n kò ní gbà ọ́ níyànjú láti lo 24. Lo 36. Má sì ṣe fi 48 sórí DM542, nítorí 50 ni òpin rẹ̀, bí mọ́tò bá sì dẹ ìrìn lójijì, òun náà a máa ti iná padà sínú driver. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta mọ́tò, má wo agbára ìdúró tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí nìkan, béèrè inductance rẹ̀ (bí wáyà inú rẹ̀ ṣe ń lọ́ra tó láti gba iná), kí o sì mú èyí tó kéré. Mọ́tò tí inductance rẹ̀ ga lè lágbára bí akọ màlúù nígbà tó bá dúró, kó sì di ọ̀lẹ nígbà tó bá ń sáré.

TB6600 ńkọ́? Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 4A (áńpù 4) sí lára, n kì í fún wọn ju 2.5 lọ bí mo bá fẹ́ kí wọ́n pẹ́. Ra DM542 mẹ́rin.

Ìmọ̀ Ọ̀fẹ́, Aké

Ìṣirò ẹ̀gbọ́n pé, n kò bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni mọ́tò méjì tó wà lórí Y. Bí a ṣe sábà ń so Arduino Uno, àmì kan náà ni mọ́tò méjèèjì ń gbà. Bí ọ̀kan bá fo ìgbésẹ̀ díẹ̀, afárá tó gbé ọbẹ yóò wọ́, Grbl kò sì ní mọ̀. Òǹtẹ̀ tó yẹ kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún yóò wá rí bíi páálí tí ẹnìkan jókòó lé, kàmpálà sì nìyí, tí ojú òǹtẹ̀ kan gbọ́dọ̀ pàdé ti èkejì lórí aṣọ. LinuxCNC lè fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀ tí yóò fi mọ ibi ìbẹ̀rẹ̀, kí afárá máa tún ara rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. grblHAL àti FluidNC, àwọn ètò ìdarí tó jọ Grbl, náà ń ṣe é, orí bọ́ọ̀dù ESP32 ni FluidNC sì ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ní ti Mach3, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ètò rẹ̀ tó ń gba ojú parallel kọ̀ǹpútà (ojú àtijọ́ tí a fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé) ṣiṣẹ́ kò bá Windows oní-bíìtì 64 mu, bí ẹ kò bá sì ra ìwé àṣẹ rẹ̀, ìlà 500 ni yóò kà nínú G-code yín (àṣẹ tó ń sọ bí ọbẹ yóò ṣe rìn) tí yóò fi dúró. Òǹtẹ̀ kan tí a ya ẹyẹ sí lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà.

LinuxCNC kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀dọ̀ NIST tó ń bójú tó òṣùwọ̀n fún ìjọba Amẹ́ríkà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì ti wá. Èmi fúnra mi ló ń lò ó. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló gbà á. Kí ẹ tó so wáyà kankan, ẹ ṣe àyẹ̀wò latency (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pẹ́ tó kó tó dáhùn) tó wà nínú rẹ̀: ẹ ṣí fèrèsé púpọ̀, ẹ wo fídíò, ẹ da kọ̀ǹpútà náà láàmú fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá wo nọ́ńbà tó ga jù. Bí kò bá kọjá nǹkan bí 20,000 nanosecond, ojú parallel rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ fún yín. Bí ó bá ti lé ní 100,000, ẹ má fi ìgbésẹ̀ mọ́tò sí i lọ́wọ́. Ẹ ó ra káàdì Mesa kó máa bá kọ̀ǹpútà ṣe é, owó káàdì náà sì ju ti Uno lọ fíìfíì. Láptọ́ọ̀pù ló máa ń kùnà jù nínú àyẹ̀wò yìí, nítorí ìṣọ́-iná-lò tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn. Bí owó bá ṣòro, FluidNC ni kí ẹ lò.

Ìyá Onísáìnbọ́ọ̀dù, Láfẹ́nwá

Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ̀rọ̀ tán, kò sí ẹni tó dárúkọ iná. Ṣé Abẹ́òkúta kan náà ni gbogbo wa ń gbé ni?

Àkọlé ṣọ́ọ̀ṣì kan ni mò ń gé lọ́dún tó kọjá. Láptọ́ọ̀pù mi ń lo bátìrì tirẹ̀, òun ló sì ń fún Arduino níná láti ojú USB. Wọ́n mú iná lọ. Mọ́tò dúró, ọbẹ dúró sínú pákó, ṣùgbọ́n Grbl kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń ka ìgbésẹ̀ tirẹ̀ lọ fún mọ́tò tí kò rìn. Kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tó fa jẹnẹrétọ̀, nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà ti lọ jìnnà réré. Bí iná ṣe dé ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti ibi tó wà, ẹ̀rọ sì rò pé ibòmíràn lòun wà. VFD tó ń yí ọbẹ kì í dá tan padà, nítorí náà ọbẹ tí kò yí ló ń wọ́ gba inú pákó kọjá, títí ó fi ṣẹ́. Ọ kan nínú “ÌGBÀLÀ ỌLỌ́RUN” di ohun tí n kò lè fún lórúkọ.

Ọmọ mi, kí o tó ronú ètò ìdarí, ra súìṣì tí ẹ̀rọ yóò fi máa mọ ilé rẹ̀, ìyẹn ibi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lórí X, Y àti Z (òkè sí ìsàlẹ̀). Lẹ́yìn náà, wá relay (súìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa) tí iná 220 ń gbé, so ó mọ́ ibi tí iná mọ́tò ti ń wọlé, kí o sì so ojú rẹ̀ tó máa ń padé nígbà tí iná kò bá sí mọ́ ẹsẹ̀ A1 àti GND (ilẹ̀) lórí Uno. A1 yìí ni Grbl fi ń gba àṣẹ pé kó dúró ná. Bí iná bá lọ báyìí, relay á já, kíkà á dúró. N kì í sì tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀ nígbà tí iná bá dé, nítorí mọ́tò tí kò ní iná lè ti yẹ̀ díẹ̀. Mo máa ń gbé ọbẹ sókè, mo rán ẹ̀rọ padà sílé súìṣì, mo wá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà tó ṣáájú ibi tó dúró sí. Grbl ń fi G54, ìyẹn ibi tí òdo iṣẹ́ wà, pamọ́ sínú EEPROM tí kì í gbàgbé bí iná bá lọ, nítorí náà òdo tí mo yàn lára pákó kì í sọnù.

Wáyà súìṣì kò gbọdọ̀ bá wáyà VFD rìn pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á máa dúró lójijì bí ẹni tó rí iwin. Lo wáyà tó ní ìbora irin, so ìbora náà mọ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọmọ Aláró, Ìtòkú

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń lọ ra Mach3 tẹ́lẹ̀ o. Àyẹ̀wò latency tí mo ṣe lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ mi lálẹ́ àná lé ní 180,000, nítorí náà ó ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. DM542 mẹ́rin àti páwà sọ́púláì 36 fóòtì ni n ó rà, n ó sì pín ìgbésẹ̀ sí 8. FluidNC ni ọkàn mi fà sí nítorí mọ́tò méjì orí Y. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé relay tí Màmá sọ yóò ṣiṣẹ́ lórí ESP32 náà, níwọ̀n bí kò ti ní A1?

Ìmọ̀ Ọ̀fẹ́, Aké

Yóò ṣiṣẹ́. Inú fáìlì config ti FluidNC ni ẹ ó ti dárúkọ ẹsẹ̀ tí ẹ bá yàn, lábẹ́ control, níwájú feed_hold_pin. Bí ẹ bá mú ẹsẹ̀ 34 sí 39, ẹ rántí pé wọn kò ní pull-up (resistor tó ń fa ẹsẹ̀ sókè sí fóòtì) nínú, nítorí náà ẹ fi resistor kílò-óòmù 10 so ó mọ́ fóòtì 3.3. Ẹ má fi fóòtì 5 kan àwọn ẹsẹ̀ ESP32 wọ̀nyí rárá. DM542 ní tirẹ̀ fẹ́ 5 kó tó gbọ́ràn dáadáa, nítorí náà ẹ ra bọ́ọ̀dù tó ti ní buffer (ohun tó ń sọ àmì 3.3 di 5) láàárín àwọn méjèèjì, tàbí kí ẹ fi 74HCT245 kan sí i fúnra yín.

Ẹlẹ́rọ Ìbàrà

Mo gbà fún un lórí Y. Àbúrò, bí o bá ra 74HCT245 náà, wo HCT yẹn dáadáa lára rẹ̀ kí o tó sanwó. HC lásán ni wọ́n kó fún mi nígbà kan, kò sì gba 3.3 gẹ́gẹ́ bí àṣẹ nígbà tí mo fi 5 bọ́ ọ.