Àdùkẹ́, abo ẹṣin mi, ju oyún, kò sì gbà kí akọ sún mọ́ òun mọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ẹlẹ́ṣin, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, ẹ má bínú, ọkàn mi ò balẹ̀ ni. Ẹṣin mẹ́ta ni bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba Tákíé kọjá á ti rí wa níbi ìnáwó, àwa la máa ń gbé ẹṣin fún ọkọ ìyàwó àtàwọn tó ń jẹ oyè. Láti ọjọ́ yẹn làwọn ẹbí ọkọ mi ò ti dákẹ́, wọ́n ní kí n tà wọ́n, wọ́n ní níbo ni wọ́n ti ń rí obìnrin tó ń sin ẹṣin, àbúrò ọkọ mi kan tiẹ̀ mú oníbàárà wá láti Ìlọrin láìsọ fún mi, mo kàn rí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ka eyín ẹṣin mi lẹ́yìnkùlé. Mo ní mi ò tà. Mo ní Àdùkẹ́ tó jẹ́ abo nínú wọn á bímọ, gbogbo yín á sì rí i.

Mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní akọ funfun, ₦80,000 ni mo san, owó mọ́tò ò sí nínú ẹ̀ o, oúnjẹ tó jẹ lọ́hùn-ún náà èmi ni mo rà á. Akọ gùn ún, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní oyún ti dúró. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gé koríko fún un láràárọ̀ látìgbà yẹn.

Àfi bí mo ṣe wọ ilé ẹṣin láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé ìrù ẹ̀ lẹ̀ pọ̀, itan ẹ̀ tutù. Mo tan iná fóònù sílẹ̀. Ó wà nínú koríko gbígbẹ, awọ tín-ín-rín bíi ti inú ẹyin ló bò ó, kò gùn ju ìka àárín mi lọ, orí ẹ̀ ti yàtọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún.

Ọkùnrin tó lakọ ní òun ò dá owó kankan padà, kí n tún gbé e wá, òun á gba ìdajì. Mo ti gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, Àdùkẹ́ ò gbà, á di etí sẹ́yìn, á máa tàpá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ orúnkún ọmọ tó dì í mú. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Ṣé ó ti yàgàn ni? Àbí kí n tà á fún wọn kí ọ̀rọ̀ tán?

Ọmọ Akẹ̀sán:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ọjọ́ tí akọ gùn ún, ẹ ò sọ ọjọ́ tó jù ú, ẹ ò sọ ọjọ́ orí ẹ̀. Oṣù mọ́kànlá lẹṣin fi ń gbé oyún, oyún ogúnjọ́ ò sì jọ ti ọgọ́ta ọjọ́ rárá. Báwo la ṣe fẹ́ dá yín lóhùn?

Alhaji Ṣábó, Ọ̀yọ́:
Ìyá, ẹ kú ìnira. Tèmi náà ju oyún oṣù márùn-ún, mo rò pé ayé ni, mo ti ń fura sí ará ilé mi. Àfìgbà tí mo ṣí ètè ẹ̀, tí mo rí i pé ìdí eyín ẹ̀ funfun bíi bébà. Sàmọ́rè ni! Eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀ létí odò ló kó o ràn án, ibà á mú un lónìí, á lọ, á padà lọ́tùn-únla, ó ń rù ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Ṣebí ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé apá Òkè Ọya làwọn Aláàfin ayé àtijọ́ ti ń ra ẹṣin ogun wọn, ẹṣin kì í pẹ́ tó bá bọ́ sí apá igbó. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Ìyá Ewúrẹ́:
Ó lè jẹ́ pé oyún ṣì wà níbẹ̀ ló ṣe ń lé akọ o. Ẹ ra ìdánwò oyún ní kẹ́mísì, èyí tí wọ́n ń tọ̀ sí, kò wọ́n.

Àkànjí Oko:
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ mà. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ń fi ẹṣin gbé ọkọ ìyàwó. Ẹṣin tó lóyún lẹ ó fi gàárì àti ìlù gángan dà láàmú nínú oòrùn, ẹ ó wá máa bi wá léèrè? Kí lẹ tún ń fún un jẹ? Mo ti rí àwọn tó ń bu oúnjẹ adìẹ fẹ́ṣin. Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ, mònẹ́ńsìn, adìẹ ń jẹ ẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan, díẹ̀ ẹ̀ a máa ba ọkàn ẹṣin jẹ́, á sì pa á.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin:
Àkànjí, ẹ má fẹ̀sùn kàn mí. Mi ò fi Àdùkẹ́ gbé ẹnikẹ́ni látìgbà tó ti lóyún, àfi ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn náà kò tó wákàtí kan, àwọn èèyàn wa ni. Ọkọ mi rà á lọ́dún 2013, kò tíì tó ẹṣin gidi nígbà yẹn, á tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ó ti bí ẹ̀ẹ̀kan rí. Ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 5 oṣù kẹta ni akọ gùn ún, àárọ̀ ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ni mo bá a. Alhaji, ìdí eyín ẹ̀ ò funfun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni, àmọ́ mo máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Dókítà Ẹran:
Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Kí ẹnikẹ́ni má ra nǹkan kẹ́mísì yẹn, họ́mónù oyún èèyàn ló ń wá, ti ẹṣin yàtọ̀, ohun tó bá sọ fún yín òfo ni. Ìbéèrè méjì: ọjọ́ wo ni dókítà yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló sì rí gan-an nínú ẹ̀rọ?

Ìyá Ewúrẹ́:
Dókítà, ẹ̀gbọ́n mi lò ó fún màlúù ẹ̀, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ẹran:
Orí ló kó wọn yọ mà, kì í ṣe nǹkan yẹn.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Mo kà á níbì kan pé abo ẹṣin kì í wá akọ tí oòrùn ò bá pẹ́ lójú ọ̀run, bóyá òjò yìí ló fà á.

Alhaji Ṣábó, Ọ̀yọ́:
Ilẹ̀ òyìnbó nìyẹn, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́! Ojúmọ́ tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tèmi ń wá akọ yípo ọdún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra. Ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ kà da màmá láàmú.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Alhaji, mo kàn sọ tèmi ni. Kò yẹ kẹ́ ẹ jágbe mọ́ mi.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin:
Ẹ má jà nítorí mi, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà, ọkùnrin tó lakọ yìí ló ń dùn mí jù, nígbà tó fẹ́ gba owó, àǹtí ló ń pè mí.

Dókítà Ẹran:
Mo gbọ́ mà. Ẹ̀ tíì dá mi lóhùn o. Kí ni dókítà yẹn rí? Ṣé ọ̀kan ni àbí méjì?

Ìyá Ẹlẹ́ṣin:
Méjì ni.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí akọ gùn ún ló wá, ó fi hàn mí, róbótó dúdú méjì nínú ẹ̀rọ. Ó ní ẹṣin kì í sábà gbé ìbejì yọ, kí n jẹ́ kí òun fi ọwọ́ tẹ ọ̀kan fọ́ kí ìkejì lè yè. Mo ní kó má dán an wò. Ìyá ìbejì lèmi fúnra mi. Táyé mi kú lọ́mọ oṣù mẹ́jọ, Kẹ́hìndé nìkan ló kù, ère ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi. Ẹ wá ní kí n dúró kí wọ́n fọ́ ọ̀kan níṣojú mi? Mo ti ń pè wọ́n ní Táyé-Kẹ́hìndé. Méjèèjì ni mo bá nínú koríko láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò lè sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀. Mo sin wọ́n síbì kan náà, lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọmọ Akẹ̀sán:
Haa! Ẹ ò bá ti sọ ọ́ láti àárọ̀ mà. Dókítà sọ fún yín, ẹ kọ̀, ẹ wá ń bínú sí ẹni tó lakọ.

Ìyá Ewúrẹ́:
Ọmọ yìí, fi màmá sílẹ̀. Ṣé wọ́n ti tẹ ìbejì fọ́ níṣojú tìẹ rí?

Dókítà Ẹran:
Kí ẹnikẹ́ni má bá màmá wí mọ́, jọ̀ọ́. Màmá, mi ò lè búra pé ìbejì nìkan ló fà á, ọjọ́ orí Àdùkẹ́ náà wà níbẹ̀, ilé ọmọ tó ti dàgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ di oyún mú. Ṣùgbọ́n ìbejì wà lára ohun tó ń mú ẹṣin ju oyún jù lọ. Bí èèpo tó ń gba oúnjẹ fọ́mọ ṣe gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ yíká ni, tí méjì bá pín in, kò tó ẹnì kankan nínú wọn. Púpọ̀ ló máa ń di oṣù méje, oṣù mẹ́jọ kó tó wálẹ̀, tí òkú ọmọ á há, tí ìyá náà lè bá a lọ. Àdùkẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn.

Ìdí tí kò fi gba akọ nìyí. Tí oyún ẹṣin bá ti kọjá bí ọjọ́ márùndínlógójì, àwọn nǹkan kéékèèké kan bí ife máa ń hù sínú ilé ọmọ, wọ́n ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Oyún ì báà bàjẹ́, àwọn ife yẹn ò ní lọ, ó di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún sí ọgọ́fà ọjọ́ láti ìgbà tó lóyún kí wọ́n tó kú. Ara ẹ̀ ṣì rò pé oyún wà. Tẹ́ ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lónìí fún họ́mónù yẹn, á tiẹ̀ sọ pé ó lóyún. Kò yàgàn, mà. Ẹ ka ọjọ́ láti oṣù kẹta, oṣù keje ló yẹ kẹ́ ẹ máa retí ẹ̀, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin:
Ah. Dókítà, nígbà tí mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin yẹn pe ẹnì kan tó ń ta oògùn ẹran, ó gún un lábẹ́rẹ́ pé á mú un wá akọ. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òógùn fi bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, ó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ó ń wo ikùn ara ẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi tó lóyún ló bá wa di ìgò oògùn mú.

Dókítà Ẹran:
Ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́ láé. Abẹ́rẹ́ yẹn a máa mú ẹṣin làágùn kí inú sì run ún, ìyẹn máa ń lọ. Ṣùgbọ́n kò lè pa àwọn ife yẹn, owó tẹ́ ẹ san dànù ni. Ti ìyàwó yín ló kàn mí. Oògùn yẹn ń gba ara èèyàn wọlé, aboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, oní-asímà náà ò gbọ́dọ̀. Tó bá ta sí i lọ́wọ́, kó lọ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀ lónìí, kó má di ọ̀la.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin:
Mo ti pè é. Ó ní kò ta sí òun lára, ìgò yẹn dé ni. Ó ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀.

Dókítà Ẹran:
Ọlọ́run ṣeun. Kẹ́ ẹ tó tún gbé Àdùkẹ́ lọ, kí wọ́n yẹ ilé ọmọ ẹ̀ wò bóyá omi tàbí ìdọ̀tí wà níbẹ̀, kí wọ́n wo ojú ara ẹ̀ náà, tí ti arúgbó ẹṣin bá ti tẹ̀ wọnú, ìgbẹ́ àti afẹ́fẹ́ á máa wọlé, wọ́n á rán an díẹ̀ lókè. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún sàmọ́rè bí Alhaji ṣe sọ, ẹ má dá gún oògùn sàmọ́rè fúnra yín, díẹ̀ ló wà láàárín èyí tó ń wo ẹṣin sàn àti èyí tó ń pa á. Tọ́wọ́ dókítà yín ò bá ká a, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tó bá wá akọ, á wá a fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, láti ọjọ́ kẹta ni kí akọ máa gùn ún, ní ọjọ́ méjì méjì síra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kẹrìnlá tàbí kẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí akọ bá gùn ún tán, torí títí di ọjọ́ kẹrìndínlógún àwọn róbótó yẹn ṣì ń rìn kiri, ó rọrùn láti yà wọ́n.

Alhaji Ṣábó, Ọ̀yọ́:
Màmá, mo ní akọ pupa kan níbí, ẹ má san kọ́bọ̀. Owó mọ́tò yín nìkan.

Ìyá Ẹlẹ́ṣin:
Alhaji, Ọlọ́run á san án fún yín. Mi ò ní tà á. N ó dúró di oṣù keje.

Dókítà, mo ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Tó bá tún jẹ́ méjì, kí ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò má yí ojú ẹ̀rọ yẹn sọ́dọ̀ mi. Ìdí igi máńgòrò ni n ó wà. Kó ṣe é tán, kó fọ ọwọ́ ẹ̀, kó wá pè mí, kó ní ọ̀kan ló wà níbẹ̀.