Ike wo ló yẹ kí n máa se mọ́ínmọ́ín sí?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Kubwa l'Abuja níbí ni mo ti ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀. Ewé wọ́n níbí ju ti ilé lọ, ọ̀rá ni mo wá ń lò. Oníbàárà mi kan ní kí n yí ìdí àwọn ike mi wò, pé nọ́ńbà wà nínú àmì onígun mẹ́ta níbẹ̀. Òótọ́ ni! Ìgò omi jẹ́ 1, kẹ́ẹ̀gì òróró 2, abọ́ onídèérí tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí 5, abọ́ funfun tó fúyẹ́ bí òwú 6. Ó ní 5 ló ń gba ooru, pé kí n má bu oúnjẹ gbígbóná sí 6. Mo da omi híhó sínú ìgò 1 láti fi dán an wò, ńṣe ló ká jọ bí ìgbín tí wọ́n da iyọ̀ lé. Ọ̀rá tèmi ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà kankan lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ, ṣé ẹ ti se mọ́ínmọ́ín nínú abọ́ 5 rí? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ lè lò ó kó tó là? Ẹ̀kọ gbígbóná ńkọ́, kí ni kí n máa bù ú sí tí kò ní fi owó lé e? Bẹ́ ẹ bá sì mọ ibi tí ewé ti pọ̀ nítòsí ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí fún mi.