Lórí "sinimá odi": ta ni kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

Ẹ kú ìjíròrò o. Àbúrò wa kan ló béèrè ibi tó yẹ kí òun ti bẹ̀rẹ̀ tí òun bá fẹ́ máa wo sinimá ayé àtijọ́, èyí tí a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn òṣèré rẹ̀, ó sì béèrè orúkọ tó yẹ ká máa pè é. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: sinimá adití, sinimá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, sinimá odi. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí bí orúkọ bá ti rí ni ẹni tuntun yóò ṣe wò ó.

Adití kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Ẹni tí kò gbọ́ràn là ń pè bẹ́ẹ̀. Sinimá wo ló létí? Àfi tó bá jẹ́ àwa òǹwòran ni ẹ̀gbọ́n tó mú un wá ń bá wí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń ṣini lọ́nà jù. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò pa ohùn ẹ̀rọ rẹ̀, yóò jókòó kẹ́kẹ́, oorun yóò sì gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà náà, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wo sinimá wọ̀nyí kì í sábà dákẹ́. Níbi kékeré, ẹnìkan á máa tẹ dùùrù. Níbi ńlá, odindi ẹgbẹ́ olórin ni. Ní Japan, ẹni tí wọ́n ń pè ní benshi a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìwòran, a máa ròyìn ìtàn, a sì máa fọhùn fún àwọn òṣèré. Ẹlòmíì torí benshi ló ṣe ń lọ. Nítorí náà, àbúrò, ẹ̀dà tó ní orin ni kí o wá. Tí orin rẹ̀ bá dà bí èyí tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ọn, fi í sílẹ̀, wá òmíràn. Wo bí àwọn òṣèré ṣe ń rìn pẹ̀lú. Ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń yí kámẹ́rà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ bí àwòrán 16 sí 20 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí ti sinimá tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ 24. Bí wọ́n bá fi eré 24 sáré rẹ̀, gbogbo wọn á máa ta bíi tata. Kì í ṣe ẹ̀bi òṣèré.

Ó wá ku odi. Ó súnmọ́ ọn, àmọ́ odi kò lè sọ̀rọ̀, àwọn wọ̀nyí sì ń sọ̀rọ̀! Ẹ wo ẹnu wọn. Ẹnìkan ní ká kúkú pè é ní aláìlọ́rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní rò pé sinimá òtòṣì ni? (Lóòótọ́, ó bá alárìnkiri tí òṣèré Charlie Chaplin máa ń ṣe mu.) Aláìfọhùn ni èmi mú wá. Kí ẹnu mì kò tíì di fífọhùn. Ó di ìgbà tí ohùn bá jáde.

Ẹ̀rí mi wà nínú City Lights, tí Chaplin gbé jáde ní 1931, lẹ́yìn tí The Jazz Singer ti mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọ sinimá ní 1927. Chaplin kọ̀ jálẹ̀, orin ló ṣe sí i. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ọlọ́lá dìde láti bá èrò sọ̀rọ̀, ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn kò ju fíín-fíín lọ. Ìró nìyẹn, kì í ṣe ohùn.

Àmọ́ òun kọ́ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Sherlock Jr. ti Buster Keaton, 1924, ni kí o kọ́kọ́ wò: kò tó wákàtí kan, ẹ̀rín ló pọ̀ níbẹ̀, ara ló sì ń ṣiṣẹ́ ẹnu. Ọkùnrin tó ń yí sinimá sùn lọ, ó lálàá pé òun rìn wọnú aṣọ ìwòran. Lẹ́yìn náà, lọ sí Jámánì, wo Der letzte Mann ti olùdarí Murnau, 1924 kan náà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ kíkọ kankan láàárín ìran, irú èyí tí òǹwòran ń kà lójú aṣọ láti mọ ohun tí òṣèré ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kíkọ yẹn ń kọ́? Ẹ̀gbọ́n kan ní "àkọlé". Orí nǹkan ni àkọlé ń wà. Èyí ń já lu ìran láàárín ni. Òun náà ló jẹ́ kí sinimá kan rọrùn láti gbé dé ilẹ̀ mìíràn: wọ́n á yọ èyí tó wà níbẹ̀, wọ́n á fi ti èdè ibòmíì rọ́pò. "Ọ̀rọ̀ àárín-ìran" ni àbá tèmi. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.