Báwo ni Àkúrẹ́ ṣe jìnnà sí Yola tó nípa bàálù, wákàtí mélòó sì ni ìrìn náà?

Ìyá Àgùnbánirọ̀:
Ẹ̀yin ènìyàn wa, mo kí yín. Wọ́n ti pín ọmọ mi obìnrin sí ìpínlẹ̀ Adamawa láti lọ sìn ín gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, n kò sì fẹ́ kí ó gba ojú títì lọ. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé nǹkan bíi kìlómítà 816 ni ó wà láàárín pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ àti ti Yola, àti pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bàálù yóò fi fò ó. Ṣé lóòótọ́ ni pé bí ó bá wọ bàálù láàárọ̀, yóò ti dé Yola kí oòrùn tó kan àtàrí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ kí n tó sanwó.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì:
Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Iye kìlómítà yẹn tọ́, ṣùgbọ́n ìlà tó gún gérégé láti pápákọ̀ kan sí èkejì ni wọ́n wọ̀n, kò sì sí bàálù èrò tí ó ń gba ojú ìlà náà. Àbújá tàbí Èkó ni ọmọ wa yóò ti pààrọ̀ bàálù. Mo ṣírò méjèèjì. Àkúrẹ́ sí Àbújá tó nǹkan bíi 290, Àbújá sí Yola tó 570. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 860, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀nà tààrà lọ, nítorí pé Àbújá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà gan-an. Bí ó bá gba Èkó, yóò kọ́kọ́ fò ní bíi 230 sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó tó wá yí padà fò ní 1,050 sí ìlà-oòrùn.

Òṣìṣẹ́ Pápákọ̀:
Mo fara mọ́ ohun tí Olùkọ́ sọ. Ní ti àkókò, eré bàálù jẹ́ẹ̀tì, tí ó ń sá tó kìlómítà 800 ní wákàtí kan, ni wọ́n fi pín ọ̀nà náà. Bàálù kékeré onífáànù tí ó sábà ń ná irú ọ̀nà kúkúrú bí Àkúrẹ́ sí Àbújá kì í sáré ju bíi 500 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rìn nílẹ̀, kí ó gòkè, kí ó sì tún rọra sọ̀kalẹ̀. Ẹ ka bíi wákàtí kan fún ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ìdúró ní Àbújá gan-an ni ó ń jẹ àkókò. Bí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò gba ẹrù rẹ̀, yóò sì tún lọ tò sórí ìlà. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò ní dúró dè é. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá, eruku lè bo ojú sánmà Yola débi pé bàálù kò ní lè balẹ̀ níbẹ̀.

Arìnrìn-àjò:
Ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàálù tí mo wọ̀ láti Àkúrẹ́ pẹ́ ní wákàtí mẹ́ta, ti Yola sì ti gbéra kí n tó dé. Àbújá ni mo sùn mọ́jú, tíkẹ́ẹ̀tì mi sì jóná.

Ìyá Àgùnbánirọ̀:
Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Yóò gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, yóò sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kubwa, ní Àbújá, yóò sì wọ bàálù Yola láàárọ̀ ọjọ́ kejì.