Àwọn àgbẹ̀ ń yọ nọ́ńbà tí mo kàn mọ́ igi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akẹ́kọ̀ọ́ Inú Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ìwádìí másítà ni mò ń ṣe nínú igbó ìjọba Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mò ń wo bí igi ṣe pọ̀ tó nínú igbó tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, nínú èyí tí àwọn onígẹdú ti gé kọjá, àti nínú èyí tí kòkó ti wọ̀. Mo máa ń fi okùn pààlà ilẹ̀, mítà 50 ní òró, mítà 50 ní ìbú. Igi tí ìdábùú rẹ̀ bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 10, mo máa wọ̀n ọ́n níbi tó fi mítà 1.3 ga sílẹ̀, mo máa fi ọ̀dà pupa sàmì síbẹ̀, mo sì máa kan nọ́ńbà mọ́ ọn, kí ẹni tó bá padà wá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iwájú lè dá a mọ̀.

Níbi tó sún mọ́ oko kòkó, kí n tó padà débẹ̀, wọ́n á ti yọ nọ́ńbà, wọ́n á sì ti ha ọ̀dà kúrò. Wọn ò bá mi jà o, wọ́n tiẹ̀ máa ń fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá ọdẹ tí wọ́n ń mú mi wọgbó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Olùkọ́ mi ní kí n mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání, ọkàn mi ò sì gbà á. Tí mo bá sì kó kúrò níbẹ̀, kò sí kòkó nínú iṣẹ́ mi mọ́ nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tún jọ̀ọ́, igi tó ga débi tí mi ò rí ewé rẹ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ọmọ Olóko Kòkó:
Àbúrò, irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kí ìwọ tó dé, ta ló máa ń fi ọ̀dà kun igi níbẹ̀? Onígẹdú ni. Igi tó bá ti ní àmì, wọ́n ń bọ̀ wá gé e nìyẹn, orí kòkó ló sì máa wó lé. Tí kì í bá ṣe onígẹdú, ìjọba ni. Láti 1925 ni Omo ti jẹ́ igbó ìjọba, òfin ò sì fún ẹni tó gbin kòkó síbẹ̀ ní ilẹ̀ kankan. Ẹni tó bá gbé téèpù àti ìwé wọlé, àwọn àgbẹ̀ á ní ó wá kà wọ́n kí ìjọba lè lé wọn ni. Bàbá mi náà ìbá yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ewéko:
Òótọ́ ni. Gbàgbé ọ̀dà lápá ibẹ̀. Ri irin kúkúrú mọ́lẹ̀ ní orígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ rẹ, kí o wá kọ ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà: mítà mélòó sí okùn apá òsì, mítà mélòó sí okùn ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn, èèyàn á rí igi láìsí nọ́ńbà. Kọ ibi gíga tí o ti wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, pàápàá igi bí arère tí ìdí rẹ̀ máa ń ya bí ògiri. Irú ìyẹn, ibi tí ògiri náà parí sí, fi sẹ̀ǹtímítà 50 kọjá rẹ̀ kí o tó wọ̀n ọ́n. Tó bá jẹ́ pé téèpù lásán lo ń fi yí igi ká, sẹ̀ǹtímítà 31.4 yíká ni ìdábùú sẹ̀ǹtímítà 10 rẹ.

Ní ti ewé, fi àdá ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Oje ìrókò funfun, ti osùn pupa. Awò awọ̀nà-jíjìn dára. Àwọn ọmọ abúlé tó mọ kànnàkànnà ta dára jù ú lọ, wọ́n á ta ewé náà bọ́ sílẹ̀ fún ẹ. Má gbẹ́kẹ̀ lé ewé tó wà nílẹ̀ nìkan, ti igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè ni. Fi bébà ìròyìn tẹ ewé tí o bá rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, nítorí ó máa ń bu kíákíá, kí o sì gbé e lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ sí ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba, ní Jẹ́ríkò, n'Ìbàdàn. Orúkọ tí bàbá ọdẹ bá pè é, kọ ọ́ síbẹ̀.

Màmá Ìbejì:
Ẹ sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó mú ẹ̀ṣọ́ dání o! Erin ṣì wà nínú igbó yẹn.

Ọmọ Olóko Kòkó:
Mà, kó mú wọn lọ sínú igbó kìjikìji. Tí ìbọn bá fi lè bá a wọ oko kòkó, gbogbo abúlé á sá, wọn ò sì ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Inú Igbó:
Ẹ ṣé gan-an. Tí Baálẹ̀ bá wá bi mí bóyá iṣẹ́ mi máa dé ọwọ́ ìjọba ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Ewéko:
Sọ pé ó lè dé ibẹ̀, torí inú láíbírì ló ń lọ, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Má kọ orúkọ olóko sílẹ̀, má fi ibi tí oko wà hàn nínú máàpù. Ṣí ìwé rẹ kí wọ́n rí i pé igi nìkan lo kọ. Má sì ṣèlérí pé ìjọba ò ní lé wọn, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ rẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Inú Igbó:
Mo gbọ́, sà. Bàbá ọdẹ ní àwọn á bá mi lọ lọ́jọ́ ìpàdé abúlé, pé kí n ra obì dání.

Màmá Ìbejì:
Obì àbàtà ni o. Má lọ ra gbànja.