Fífi ìwọ̀ pẹja ní Adágún Ọ̀yán, lápá ibi tí ọ̀nà ò dé

ỌmọÌjàyè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà apẹja Abẹ́òkúta. Epìyà ni mo fẹ́ pa. Ìwọ̀ wo ni kí n gbé lọ? Kí ló sì ń já okùn níbẹ̀?

Apẹja Ìtòkò: Ẹnu epìyà kéré. Ìwọ̀ nọ́ńbà 8 tàbí 10 ló bá a mu; bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìwọ̀ ń kéré sí i. Ẹ gé ekòló kúrú. Bí ìrù rẹ̀ bá gùn kọjá ẹnu ìwọ̀, ẹja á kàn máa já ìrù yẹn jẹ lọ ni. Òjé kékeré kan tó láti mú ìwọ̀ rì. Kùkùté igi abẹ́ omi ló ń já okùn. Tó bá há, ẹ má fà á tagbára, ẹ rìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fà á láti ibẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ọmọ mi, má fẹsẹ̀ lásán wọ omi yẹn, jọ̀wọ́. Ìgbín inú rẹ̀ ló ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Wọ bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Yọ ìfun ẹja lójú ẹsẹ̀, torí oòrùn á bà á jẹ́ kó o tó rìn dé títì.

ỌmọÌjàyè: Ẹ ṣé gan-an, mà. Àrọ̀ ńkọ́?

Apẹja Ìtòkò: Alẹ́ ni, nísàlẹ̀ omi, ìwọ̀ nọ́ńbà 2.